Fódà Tí A Lè Fi Sílẹ̀: Bí A Ti Í To Iṣẹ́ Kíkọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí yóò gún iyán kì í ti orí ọmọ odó bẹ̀rẹ̀. Iṣu ni í kọ́kọ́ bó, tí í sì í sè, kí ó tó kan odó. Iyán gbára lé iṣu tí ó jinná, iṣu sì gbára lé omi àti iná. Ní ti ẹran inú ọbẹ̀, ó lè wà, ó sì lè má sí. Irú ìlànà yìí gan-an ni Stuart Feldman tẹ̀ lé ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó ṣe ètò Make ní ọdún 1976. Bí fáìlì kan bá yí padà, Make a tún gbogbo ohun tí ó gbára lé e ṣe. Èyí tí kò kàn, kò ní fọwọ́ kàn án.

CMake, tí ilé-iṣẹ́ Kitware bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù, nítorí òun ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlárá-Mọ̀kín. Ẹ jẹ́ kí a mú ètò ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá kan tí ó ní fódà mẹ́ta: ọ̀rọ̀, ojú-ìwé àti ohùn. Fódà ohùn ni ó tóbi jù, ó sì ń béèrè àwọn ohun èlò mìíràn tí a ní láti fi owó dátà fà wálé. Ọmọ tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní òru, tí ó fẹ́ tún àmì orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe, kí ni yóò fi fódà yìí ṣe?

Àṣẹ option ni a ó fi sọ pé kí a má fi ohùn kún un àfi bí ènìyàn bá béèrè. A ó sì fi add_subdirectory sí abẹ́ if. Èyí rọrùn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ètò àgbà bá ṣì ń dárúkọ ohun nínú target_link_libraries. (Orúkọ bẹ́ẹ̀ kò gba àmì, ẹ má bínú.) A ó rò pé CMake yóò pariwo. Rárá o. Yóò gbà pé láíbìrì kan tí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà ni à ń wí, yóò sì kọjá lọ. Ìgbà tí a bá ń so gbogbo iṣẹ́ pọ̀ ní ìparí ni yóò tó fọ́, nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àwọn mìíràn a máa fi if(TARGET ohun) ṣọ́ ọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ tí CMake bá ka ìlà yẹn ni ó ń dáhùn. Bí a bá pe fódà ohùn lẹ́yìn rẹ̀, yóò dáhùn pé kò sí. Kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìwé atúmọ̀ wa yóò sì yadi. Òru méjì ni èyí gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní òkè òkun. Nítorí náà, kí a pe àwọn fódà ní àkọ́kọ́, kí ètò àgbà gbẹ̀yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé a kò lè ṣe aláìní ohùn, kí a fi ALIAS sọ ọ́ ní atumo::ohun. Orúkọ tí ó ní àmì :: kò lè jẹ́ láíbìrì lásán, CMake yóò sì kọ̀ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹni tí ó bá sì yí OFF padà sí ON nínú fáìlì tí kò rí ìyípadà kankan, kí ó wo CMakeCache.txt. Ibẹ̀ ni ìdáhùn àtijọ́ wà, òun ni CMake sì ń gbà gbọ́.