Iṣẹ́ Tí Rédà Rán sí Kọ̀ǹpútà

Àgbà tó bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ yóò kọ́kọ́ pè é lórúkọ, yóò dúró kí ọmọ náà dáhùn, kó tó wá sọ àdúgbò tó ń lọ, ilé tí yóò yà sí àti ẹni tí yóò béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Bí iṣẹ́ náà kò bá dé ibi tí a rán an, àgbà tó mọ nǹkan kì í ki ọmọ mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Ṣé o dé àdúgbò náà? Ṣé o rí ilé? Ta lo bá lẹ́nu ọ̀nà? Ibi tí ìdáhùn bá ti dúró, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bọ́.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an, ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ló yẹ kí ẹni tó ń fi rédà ṣèwádìí bi ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò rí dátà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tú gbogbo wáyà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á tún fi ètò kọ̀ǹpútà sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìsopọ̀ náà bá tilẹ̀ padà dé, wọn kò ní mọ ohun tó gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí. Ilé iṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà ń ṣe bọ́ọ̀dù rédà kékeré kan tó ń jẹ́ IWR1843BOOST. Ìgbì tó ń ta wà láàárín 76 sí 81 gígáhẹ́tì. Eriali 3 ló fi ń ta á, ó sì fi 4 gba èyí tó bá kan nǹkan tó padà. Nínú ohun tó padà yìí ni a ti ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó, bó ṣe ń yára tó, àti ìhà tó wà. Kódà, ó lè mọ bí àyà ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò nígbà tó ń mí.

Ẹni tó bá fẹ́ ògidì dátà, ìyẹn ohun tí eriali gbọ́ kí ìṣirò kankan tó kàn án, yóò so káàdì kan tó ń jẹ́ DCA1000EVM mọ́ bọ́ọ̀dù yìí. Káàdì náà a gba dátà lọ́wọ́ rédà, a dì í ní ìdì kékeré-kékeré, a sì fi wáyà Ethernet tì í sínú kọ̀ǹpútà.

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé ọ̀nà tó wà láàárín rédà àti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹyọ kan. Wáyà USB ni a fi ń pàṣẹ fún rédà pé kó bẹ̀rẹ̀ tàbí kó dúró. Wáyà Ethernet ni dátà ń gbà wọlé. Ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ geere nígbà tí èkejì ti kú pátápátá. Bí rédà bá ń gbọ́ àṣẹ, tí fáìlì dátà sì ṣófo, ẹ má fọwọ́ kan wáyà USB. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lọ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Bọ́ọ̀dù rédà ń fẹ́ iná fólítì 5 tirẹ̀. Èyí tó ń gba inú wáyà USB wá kò tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Device Manager lórí Windows. Orúkọ XDS110 yóò wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà COM tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Application/User UART sí ni ọ̀nà àṣẹ; ẹni tó bá mú èkejì yóò máa pàṣẹ lásán. Bí àmì ìkìlọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, dráífà ni kò tíì wọlé. Ẹ tún wo àwọn jọ́ńpà tí wọ́n ń pè ní SOP, tó ń sọ irú ipò tí bọ́ọ̀dù yóò bẹ̀rẹ̀ sí. Ìgbà tó bá ń jí nìkan ló ń kà wọ́n. Ẹni tó yí jọ́ńpà padà tí kò pa iná kó tún tàn án kò tíì yí nǹkan kan padà.

Àdírẹ́sì ló kàn. Káàdì DCA1000 ti gbé nọ́ńbà tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́: 192.168.33.180. Ó sì ti gbà pé kọ̀ǹpútà tí òun ń rán dátà sí ń gbé ní 192.168.33.30. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àdúgbò, èyí tó kẹ́yìn ni ilé. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nílé tàbí ní ọ́fíìsì máa ń pín nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà tó bá so mọ́ ọn. Káàdì yìí kì í pín nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ń retí ìpín, yóò retí títí, Windows yóò sì wá fún un ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yìí ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 192.168.33.30 síbẹ̀, kó kọ 255.255.255.0 sí ojú subnet mask, kó sì rí i dájú pé orí Ethernet ló kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí Wi-Fi.

Àlejò lè dé ilé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnu ọ̀nà 4096 ni àṣẹ káàdì ń gbà, 4098 ni ti dátà. Firewall ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ wọn. Ètò Wireshark máa ń rí ohun tó ń bọ̀ kí firewall tó dá sí i, ìdí nìyí tó fi wúlò gan-an. Bó bá ń ka ìdì dátà lórí 4098, tí ètò yín sì ní òun kò rí nǹkan, káàdì ti ṣe tirẹ̀. Firewall ló dá dátà dúró, tàbí ètò kan tí ẹ kò pa dáadáa ló ṣì gba 4098 mọ́ra. Bí Wireshark náà bá ṣófo, ẹ padà sẹ́yìn: ṣé rédà ti bẹ̀rẹ̀ sí ta ìgbì ní tòótọ́? Ṣé ìsopọ̀ tó wà láàárín rédà àti káàdì wọlé dáadáa?

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìsopọ̀ tó dà bíi pé ó dára. UDP ni káàdì yìí fi ń rán dátà, ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti 1980. UDP kì í dúró gbọ́ bóyá iṣẹ́ dé. Ìdì tó bá sọnù lọ́nà ti sọnù nìyẹn. Ẹ gbé e lé ìṣirò: eriali 4, òǹkà 256 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbì kan, báìtì 4 fún òǹkà kan, ìgbì 128 nínú frame kan (ìyẹn ọ̀wọ́ ìgbì tí rédà ń ta papọ̀), frame 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó jẹ́ mẹ́gábíìtì bí 126 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Adápítà Ethernet àtijọ́ tí agbára rẹ̀ mọ ní mẹ́gábíìtì 100 kò lè gbé e. Iná rẹ̀ lè máa ṣẹ́jú, kí fáìlì sì máa kún, síbẹ̀ kí dátà máa jò.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Kọ̀ǹpútà kò ní irú inú bẹ́ẹ̀. Bí ìdì kan ṣoṣo bá bọ́, gbogbo òǹkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sún síwájú, ti eriali kan yóò bọ́ sí ipò ti òmíràn, ìhà tí rédà bá sì tọ́ka sí yóò di irọ́.

Àwọn tó ṣe káàdì náà ti ro èyí. Báìtì 4 àkọ́kọ́ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà ìtẹ̀léra rẹ̀. Báìtì 6 tó tẹ̀lé e ń sọ iye báìtì tó ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ ìlà ètò díẹ̀ tí yóò ka nọ́ńbà wọ̀nyí kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan. Níbi tí nọ́ńbà bá ti fò, ẹ fi òdo dí àyè náà kí ohun tó kù lè dúró sí ipò rẹ̀, tàbí kí ẹ da frame náà nù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde pé ẹ dà á nù. Ìwádìí tí kò bá ṣe èyí kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí ohunkóhun wà.