Dókítà Láti Sẹ́kọ́ńdìrì: Máàkì Tó Sá Pamọ́ Sínú WAEC Rẹ

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 8 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kàwé kí wọ́n tó di dókítà: 4 fún dìgírì àkọ́kọ́, 4 fún ìṣègùn. Àwọn díẹ̀ ló ń wọlé tààrà láti sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n á parí ẹ̀ ní 6 tàbí 7. Ìwọ tó o wà ní Ìjerò, Aramọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, má jowú wọn. Àbùjá yẹn ni ọ̀nà gbogbo wa níbí: JAMB, ọdún 6, ó tán.

Ẹnu ọ̀nà ló há. Jẹ́ ká wo bí OAU, Ifẹ̀, ṣe ń ṣírò ẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB rẹ, ìyẹn 50. Post-UTME ní 40, WAEC ní 10. Nínú WAEC, A1 kan jẹ́ máàkì 2, C6 kan jẹ́ 1, iṣẹ́ 5 ni wọ́n sì ń kà.

Ó yá, ṣírò ẹ̀. A1 márùn-ún jẹ́ 10, C6 márùn-ún jẹ́ 5. Máàkì 5 tó wà láàárín wọn, 40 ni nínú JAMB! Ẹni tó gba 280 pẹ̀lú A1 márùn-ún bá ẹni tó gba 320 pẹ̀lú C6 márùn-ún dọ́gba. Nítorí náà, má sọ pé "kírẹ́díìtì ṣáà ni".

Tí kò bá bọ́ sí i, JUPEB wà: ọdún 1, lẹ́yìn náà 200 level, ó ku 5. Ọdún 6 náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá yunifásítì tó o fẹ́ ń gbà á fún Medicine, kì í ṣe gbogbo wọn.