Àwọn Apẹja Orí Omi Dídì àti Ẹgbẹ́ Tí Ó Ká Àwọ̀n Rẹ̀ Kúrò Lódò

Ojú ewé yìí ni a ti máa ń ṣe àlàyé lórí ìfowópamọ́ àti òwò. Ní oṣù yìí, ọ̀nà wa jìn díẹ̀. A ń lọ sí òkè Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, lẹ́bàá Kánádà, níbi tí òtútù ti ń mú kí adágún dì gbagidi tí àwọn ènìyàn fi ń wa mọ́tò gun orí omi lọ pẹja. Ẹ má rò pé àlọ́ ni a fẹ́ pa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi tiwa wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ojú wọn sì rí kò kéré.

Ẹja tí wọ́n ń lé kiri níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní walleye. Ara rẹ̀ rí bí idẹ tí ó ti ṣú díẹ̀, ẹran rẹ̀ funfun, ó sì dùn. Ojú rẹ̀ ni ó yàtọ̀: awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí lóru. Nítorí náà, ó ń ríran nínú òkùnkùn ju àwọn ẹja kéékèèké tí ó ń pa jẹ lọ, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ó sì máa ń jáde wá oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ Minnesota fi í ṣe ẹja ìpínlẹ̀ wọn ní 1965.

Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí lè bi wá pé, bí omi bá ti dì, níbo ni ẹja wà? Ìsàlẹ̀ ni. Omi dídì fúyẹ́ ju omi lásán lọ, òkè ni ó ń léfòó sí bí ìdérí ìkòkò, omi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì dì. Apẹja á fi irin lu ihò sí i títí yóò fi kan omi, á fi ẹja wẹ́wẹ́ sẹ́nu ìwọ̀, á jù ú sínú ihò náà, á wá jókòó tì í. Ní Minnesota, òfin fún apẹja láyè okùn 2 ní ìgbà òtútù, bẹ́ẹ̀ ẹyọ 1 péré ni nígbà ooru. Inú ahéré onígi tàbí àgọ́ aláṣọ tí iná ń jó nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jókòó sí. Ìmọ̀ràn ìjọba ibẹ̀ ni pé omi dídì tí kò bá nípọn tó íǹṣì 4, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ti mọ́tò akẹ́rù gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ. (Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ò ní í tẹ̀ ẹ́ rárá, ì báà nípọn tó ògiri.)

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àdáṣe. Ní Lake Winnebago ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, àwọn ẹgbẹ́ apẹja àdúgbò ni ó ń la ọ̀nà lórí omi dídì. Wọ́n á gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n á ri igi Kérésìmesì tí àwọn ènìyàn ti lò tán mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí awakọ̀ má baà ṣìnà, níbi tí omi dídì bá sì ti là, wọ́n á gbé afárá lé e. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tí ń gba ọ̀nà náà kọjá ń dá ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ọdún kan kò bá tutù tó, kò sí ọ̀nà, kò sí owó.

Ewu rẹ̀ náà kò kéré. Ní Minnesota, adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Upper Red Lake. Kò jìn, nítorí náà ó máa ń tètè dì ju àwọn adágún ńlá yòókù lọ, àwọn tí kò lè mú sùúrù á sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá 2022, omi dídì ibẹ̀ já kúrò létí bèbè, nǹkan bí ènìyàn 200 ni ó há sórí rẹ̀. Ní ìparí oṣù kejìlá 2023, ó tún ṣẹlẹ̀: ó lé ní 100 ènìyàn tí wọ́n lọ kó bọ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí ó ń fa ènìyàn dé ibẹ̀ kò lè jẹ́ kékeré?

Ẹja inú adágún yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ wa gan-an, nítorí ìgbà kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Adágún méjì tí ó so pọ̀ ni Red Lake, ti Upper àti ti Lower. Gbogbo Lower àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú Upper jẹ́ ti àwọn Ojibwe ti Red Lake, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ìjọba Amẹ́ríkà tó dé. Ìyókù wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Minnesota. Òwò ẹja bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ìjọba ń wá oúnjẹ. Ní 1929, àwọn apẹja Red Lake dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Red Lake Fisheries Association. Ìlànà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ọmọ ẹgbẹ́ á pẹja, ẹgbẹ́ á bá a tà á. Ó lé ní 60 ọdún tí ẹbí fi ń jẹun lórí rẹ̀.

Kí ni ó wá bà á jẹ́? Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọ̀n àwọn oníṣòwò ń kó, àwọn apẹja ìwọ̀ ní apá ti ìpínlẹ̀ ń kó tiwọn, títà lábẹ́lẹ̀ wà pẹ̀lú, èyí tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Abo walleye sì máa ń tó nǹkan bí ọdún 4 tàbí 5 kí ó tó yé ẹyin. Ẹni tí ó pa á lọ́mọ ọdún 3 ti pa èyí tí kò tíì bímọ rí. Nígbà tí yóò fi tó àárín ọdún 1990 sí 2000, àwọ̀n ń bọ̀ wálé lófìfo. A ń pe ara wa ní alájẹṣẹ́kù, àwọn wọ̀nyí ti jẹ, kò ṣẹ́ kù.

Ní 1997, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà dìbò pé kí òwò dúró. Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ni ó wá fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹja náà jẹun, tí wọ́n fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ, ni wọ́n pinnu pé àwọn kò ní dẹ àwọ̀n mọ́, láìmọ ọdún tí àwọn yóò tún dẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbé irú ìbò bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé wa lọ́la, mélòó nínú wa ni yóò nawọ́? Àwa náà kò lè búra fún ara wa. Ní 1998, wọ́n fòfin de pípa á fún ọbẹ̀ ilé pàápàá. Ní 1999, ìpínlẹ̀ Minnesota ti apá tiwọn, wọ́n sì bá Red Lake àti ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ọmọ ẹja sínú omi, ní 1999, 2001 àti 2003. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100. Wọ́n fi oògùn sàmì sí egungun wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tí ènìyàn dà síbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bí sínú adágún náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò bèèrè pé, àwọn tí ń ta ìjẹ ìwọ̀, tí ń gbàlejò ní Waskish létí Upper Red Lake, kí ni wọ́n jẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ẹja mìíràn ni, crappie. Bí walleye ti dínkù, crappie rí ààyè, ó pọ̀, ó sì tóbi, àwọn apẹja ìgbà òtútù sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá pa á. Bí walleye ti ń padà bọ̀, crappie bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Ní oṣù karùn-ún 2006, wọ́n ṣí i padà. Ẹja walleye 2 péré ni apẹja ní apá ti ìpínlẹ̀ lè mú. Ní apá ti Red Lake, ìwọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀n. Ilé iṣẹ́ ẹja tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí jẹ́ ti àwọn ará Red Lake fúnra wọn.

Títí di òní, nígbà ìwọ́wé, àwọn òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì á dẹ àwọ̀n ìdánwò, wọ́n á ka ẹja, wọ́n á wò ó bóyá abo tí ó lè yé pọ̀ tó. Bí omi bá wá dì, tí àwọn ahéré bá tò sórí rẹ̀, iye tí wọ́n kà náà ni ó ń sọ iye ẹja tí apẹja kan lè mú relé.