Linamarin

Linamarin jẹ́ àdàpọ̀ kẹ́míkà oníkárbọ̀nù tó ní nítrójìn nínú. Fọ́múlà rẹ̀ ni C₁₀H₁₇NO₆. Ó wà nínú ẹ̀gẹ́ (Manihot esculenta), nínú awùjẹ (Phaseolus lunatus) àti nínú ọ̀gbọ̀ (Linum usitatissimum), níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti agbègbè ìlú Ọ̀wọ̀ dé Ifọ́n tí í ṣe olú-ìlú Ọ̀sẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn fún oúnjẹ àti fún títà.

Bí májèlé ṣe ń jáde

Linamarin fúnra rẹ̀ kì í ṣe sáyánáídì. Ṣúgà glúkósì ni a so mọ́ èròjà kékeré kan tó ní átọ̀mù nítrójìn kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, linamarin wà nínú àpò omi sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ linamarase sì wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹranko bá jẹ ewé náà, tàbí bí a bá rin gbòǹgbò rẹ̀, àwọn méjèèjì á pàdé. Linamarase á yọ glúkósì kúrò, ìyókù á sì pín sí acetone àti háídrójìn sáyánáídì. Báyìí ni ẹ̀gẹ́ ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ewé àti èèpo máa ń ní linamarin ju inú gbòǹgbò lọ, ọ̀dá òjò sì máa ń mú kí ó pọ̀ sí i.

Ìpèsè oúnjẹ

Háídrójìn sáyánáídì ń hó ní nǹkan bí 26 °C, nítorí náà ó rọrùn fún un láti bá afẹ́fẹ́ lọ. Nínú ṣíṣe gàrí, rírin ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù ṣiṣẹ́. Fífún omi rẹ̀, kíkan fún ọjọ́ mélòó kan àti yíyan ni ó ń lé èyí tó kù jáde. Fún fùfú àti láfún, rírẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Sísè nìkan kò tó fún ẹ̀gẹ́ kíkorò: ooru ń pa linamarase kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú linamarin á sì kù. Bí a bá gé ọjọ́ kíkan kúrú nítorí ọjà, ewu ń pọ̀ sí i. Ìlànà Codex fi òdiwọ̀n sáyánáídì sí miligíráàmù 2 nínú kílò gàrí kan, àti 10 nínú kílò ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kan.

Ewu fún ìlera

Ara ń fi súfúrù inú èròjà amáradàgbà sọ sáyánáídì di thiocyanate. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó pọ̀ tó ni ewu náà ń bá jù. Thiocyanate ń dí áyódínì lọ́wọ́, ó sì lè fa gẹ̀gẹ̀ níbi tí áyódínì kò bá tó. Ní 1938, Giovanni Trolli ṣàpèjúwe konzo, àrùn tó ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, ní Kóńgò. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan ní Nàìjíríà tó ń ba ìrìn, ojú àti etí jẹ́, ó sì so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́.