Rọ́bà Ìdènà Ariwo: Orúkọ Ọjà ní Ibodè àti Àpò Oníṣẹ́-ọwọ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwọn àgbà ti pa òwe yìí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ọjà òkè òkun mu, nítorí pé orúkọ tí a bá sọ ọjà ní ibodè ni yóò pinnu iye tí ẹni tí ó ni ín yóò san kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gbé e kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà ńlá tí ń gba kọ̀ǹténà ní Àpápá; ó kan káfíńtà àti oníṣẹ́ fèrèsé onígíláàsì tí ó wà ní Jikpan, ní ìlú Minna, pẹ̀lú.

Jikpan jẹ́ àdúgbò kan ní Minna, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger láti ìgbà tí ìjọba ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1976. Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú irin tí ó ti Èkó wá àti èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano pàdé níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ti fi Minna ṣe ilé, tí àwọn ọmọ káàárọ̀-oò-jíire sì wà lára wọn. Àwọn ìsédò Kainji, Jebba àti Shiroro tí ń pèsè iná mànàmáná wà nínú ìpínlẹ̀ náà tàbí ní ẹ̀bá ààlà rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìpínlẹ̀ Agbára. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú tí iná sì lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ a gba ìgboro kan, bí ẹni tí ń gbé etí odò tí ó sì ń fi itọ́ bọ́jú.

Nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú nílò oorun ọ̀sán. Ọmọ ilé-ìwé nílò ìdákẹ́jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà lórí ariwo ní ọdún 2009, àjọ NESREA sì ni a fi ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ojúlé ẹni, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni onílé kọ́kọ́ ń gbára lé. Níhìn-ín ni iṣẹ́ rọ́bà ìdènà ariwo ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni ọ̀já rọ́bà tí a ń tẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn, fèrèsé tàbí àpótí jẹnẹrétọ̀ kí àlàfo má baà sí.

Ariwo dàbí omi: ibi tí ó bá ti rí àyè ni yóò gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2. Bí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 bá wà lábẹ́ rẹ̀, àlàfo náà ti tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú ilẹ̀kùn. Bí ó ti wù kí pákó ilẹ̀kùn náà nípọn tó, kò lè dín ariwo kù ju nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 20 lọ mọ́. Owó tí onílé ná sórí pákó líle ti bá abẹ́ ilẹ̀kùn jáde nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀já rọ́bà kékeré ni ì bá gbà á là.

ỌJÀ KAN, ORÚKỌ PÚPỌ̀

Ìwé orúkọ ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ń lò kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Brussels ní ọdún 1983 ni ó bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988. Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù Àgbáyé ni ó ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ó lé ní 200 orílẹ̀-èdè àti ìpínlẹ̀ òwò tí ń lò ó, nọ́ńbà mẹ́fà ni ó sì fún ìsọ̀rí ọjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi mẹ́rin kún un, ó di mẹ́wàá. Láti ọdún 2015 ni owó ibodè àjùmọ̀lò wọn ti wà ní ìpele márùn-ún: òfo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò sí ìsọ̀rí kan tí a kọ “rọ́bà ìdènà ariwo” sí. Ohun tí a fi ṣe é àti bí a ti ṣe é ni à ń wò. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tí a ti fi imí-ọjọ́ sè, tí ó wà ní ọ̀já gígùn, tí a kò ṣe ju pé a gé e sí ìwọ̀n gígùn lọ, ìsọ̀rí 40.08 ni yóò bọ́ sí, ìbáà le gbagidi tàbí kí ó ní ihò wínníwínní nínú bíi fóòmù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lu ihò sí i, tàbí tí a so orí rẹ̀ pọ̀ di òrùka tí yóò bá ẹnu ìdérí mu, ó ti di ohun èlò tí a ti ṣe parí, ìsọ̀rí 40.16 ni a ó sì ti wá a. Bí ó bá jẹ́ ọ̀já ike ni, 39.16 lè gbà á. Bí ó bá jẹ́ onírun tí a tẹ̀ pọ̀, à ń wo 56.02. Èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn a máa lọ sí 84.84.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn wí pé, “Ara mọ́tò ni, ẹ kọ ọ́ sí ara mọ́tò,” tàbí “Ti jẹnẹrétọ̀ ni.” Ìwé náà ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé tí ó wà níwájú ìpín ẹ̀rọ àti ìpín ọkọ̀ yọ irú ohun èlò rọ́bà rírọ̀ báyìí sílẹ̀ pátápátá. Ibi tí rọ́bà ti wá ni yóò padà sí. Bí ohun méjì bá sì pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ìsọ̀rí méjì ń fà á, a ó béèrè èyí tí ó jẹ́ ìwà rẹ̀ gan-an. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ìsọ̀rí tí nọ́ńbà rẹ̀ gbẹ̀yìn nínú wọn ni yóò gbà á.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN TÁLÁKÀ

Ẹnìkan lè rò pé àríyànjiyàn akọ̀wé ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká fi í ṣe àpẹẹrẹ pé ọjà kan tó mílíọ̀nù kan náírà. Bí ó bá bọ́ sí ìpele 5, owó ibodè rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Bí ó bá bọ́ sí ìpele 20, ó di ₦200,000. ₦150,000 tí ó wà láàrin wọn kò ní dúró ní etíkun. Oníṣòwò Èkó yóò gbé e lé alágbàtà, alágbàtà yóò gbé e lé oníṣọ́ọ̀bù Minna, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ káfíńtà Jikpan tí ń ra rọ́bà ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òun náà yóò sọ fún onílé, onílé yóò sì wí pé kí ó fi àlàfo náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìdí tí ìjọba fi ń gba owó náà. Igi rọ́bà ń hù ní Edo, Delta àti Oǹdó, bẹ́ẹ̀ ni oje rẹ̀ ń lọ sí òkè òkun, tí a sì ń ra rọ́bà tí a ti ṣe padà. Kí ọdún 2010 tó dé ni iléeṣẹ́ Michelin àti Dunlop ti dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní ilẹ̀ yìí. Owó ibodè yẹ kí ó jẹ́ odi tí ń dáàbò bo ẹni tí ń ṣe nǹkan nílé. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹni tí ń ṣe é nílé kò bá pọ̀, odi náà lè di ẹrù lórí oníṣẹ́-ọwọ́ tí kò rí òmíràn rà.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni purọ́ ní ibodè. Orúkọ tí kò tọ̀nà lè mú kí wọ́n gba ọjà, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó ni ín. Irọ́ kò wúlò níbi tí ọ̀nà òtítọ́ wà. Láti inú Fọ́ọ̀mù M tí ọlọ́jà ń kọ ní báńkì, kí ọjà tó kúrò ní òkè òkun, ni nọ́ńbà ìsọ̀rí ti ń bẹ. Àdéhùn ìrọ̀rùn òwò àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017, tí Nàìjíríà sì tọwọ́ bọ̀, sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ọlọ́jà láti béèrè ìsọ̀rí ọjà rẹ̀ kí ó tó dé. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ọdún 2023, tí ó rọ́pò ti 1958, náà fi àyè sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, kí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ àti oníṣọ́ọ̀bù tí ó wà lẹ́yìn odi, ní Minna, Kaduna tàbí Jos, tí wọ́n ń dáwó jọ láti ra ọjà, béèrè ohun mẹ́rin kí wọ́n tó sanwó: kí ni a fi ṣe é? Ṣé ó ní ihò nínú bíi fóòmù ni, tàbí ó le? Ṣé ọ̀já gígùn lásán ni, tàbí a ti ṣe é parí? Ṣé nǹkan mìíràn so mọ́ ọn? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí wọ́n mú díẹ̀ nínú ọjà náà lọ́wọ́, kí wọ́n sì bi aṣojú wọn ní nọ́ńbà tí ó fẹ́ kọ àti ìdí rẹ̀. Aṣojú tí kò lè dáhùn kò mọ ọjà náà.

Orúkọ ń ro ọmọ, ó sì ń ro ọjà. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ ọjà rẹ̀ kí ó tó dé ibodè kò ní í san owó ọjà ẹlòmíràn.