Mọ́mì ò mutí rí: báwo ni ọ̀rá ṣe dé inú ẹ̀dọ̀ wọn?

 

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Mọ́mì mi ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe scan ikùn. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "fatty liver". Mọ́mì kà á, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní: "Ṣé wọ́n rò pé mò ń mutí ni? Èmi tí mi ò fẹnu kan bíà rí láyé mi!" Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n tì í bọ báàgì. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìtìjú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí wọ́n padà lọ bá dókítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lónìí.

Ọ̀rá wo là ń sọ?

Kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹ̀bà ní búkà o! Ọ̀rá ara ni. Ẹ̀dọ̀ wa wà lábẹ́ egungun ìhà, lápá ọ̀tún. Tí ọ̀rá bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ju 5 lọ nínú 100, àwọn dókítà á ní ẹ̀dọ̀ náà ti di ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá.

Òótọ́ ni pé ọtí lè fà á. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí kò ti ọwọ́ ọtí wá rárá. Àtọ̀gbẹ, ara sísanra àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń bá a rìn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ kárí ayé fún un ní orúkọ tuntun, MASLD. Ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n fi yí i padà ni pé orúkọ àtijọ́ ń dójú ti àwọn aláìsàn. Ẹ ò rí i pé Mọ́mì mi nìkan kọ́.

Ní Èkó níbí náà, àwọn dókítà ṣe ìwádìí kan ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ àwọn 168 tó ní àtọ̀gbẹ wò, wọ́n sì yẹ ti àwọn 168 tí kò ní in. Nínú àwọn alátọ̀gbẹ, 16.7 nínú 100 ló ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá. Nínú àwọn yòókù, 1.2 péré ni.

Níbo wá ni ọ̀rá yìí ti ń wá? Ọ̀pọ̀ á ní epo tí a fi ń dín dòdò ni. Àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà tọpa rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2005. Nǹkan bí 59 nínú 100 ló ti ara ọ̀rá tí ara ti tọ́jú tẹ́lẹ̀ wá. Nǹkan bí 26 jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, pàápàá láti ara ṣúgà. Nǹkan bí 15 péré ló wá tààrà láti inú ọ̀rá oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tó ń sá fún epo tó sì ń mu málìtì lójoojúmọ́ kò tíì sá fún nǹkan kan.

Gúrúpù WhatsApp tí kò dákẹ́

Ọ̀rá nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ló ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan tó burú. Iná tí ọ̀rá náà lè dá sílẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù.

Tí ìṣó bá gún yín lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa ro yín. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní inflammation nìyẹn. Ara ló ń gbèjà ara rẹ̀. Tí ọgbẹ́ bá jinná, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wo ẹ́sítéètì kan ní Sangotedo. Lóru, ẹnì kan gbọ́ ìró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó kọ ọ́ sórí gúrúpù WhatsApp wọn: "Olè!" Àwọn ọlọ́dẹ dìde, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọn fèrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé tọ̀sán tòru ni wọ́n ń kígbe "Olè!" lórí gúrúpù yẹn ńkọ́? Ta ni yóò rí iṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀?

Nínú ẹ̀dọ̀, àwọn ọlọ́dẹ náà ni wọ́n ń pè ní Kupffer cell. Nígbà tí ọ̀rá bá ń ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lára, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn ọlọ́dẹ á gbọ́, wọ́n á sì tú àwọn èròjà tó ń gbé ìkìlọ̀ kiri jáde. Orúkọ mẹ́ta tí ẹ máa gbọ́ jù ni TNF, interleukin-6 àti interleukin-1.

Tí TNF bá kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì, nǹkan méjì á jí nínú lọ́hùn-ún. Àkọ́kọ́ ni NF-kB. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni; ní báyìí, wọ́n á tú u sílẹ̀, á wọ inú yàrá tí DNA wà, á sì ní kí wọ́n máa ṣe ìkìlọ̀ sí i. Bí ẹni tó ń fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí gúrúpù mìíràn ni. Ìkejì ni JNK, òun ló sì kan àtọ̀gbẹ gbọ̀ngbọ̀n.

Ó yẹ kí insulin máa sọ fún ẹ̀dọ̀ pé, "Oúnjẹ ti dé o, má tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́." Èròjà kan tó ń jẹ́ IRS ló ń bá a gbé iṣẹ́ náà wọlé. JNK á lọ lẹ nǹkan mọ́ IRS lára níbi tí kò yẹ, IRS ò sì ní lè jíṣẹ́ dáadáa mọ́. Insulin ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀dọ̀ ò gbọ́, ó ń tú ṣúgà jáde.

Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ya Mọ́mì lẹ́nu? Wọ́n á jí láàárọ̀, wọn ò tíì jẹ nǹkan kan, ṣúgà wọn á ga. Ẹ̀dọ̀ ló tú u jáde lóru. Ṣúgà tó ga yẹn á tún di ọ̀rá, ọ̀rá á tún pe ọlọ́dẹ. Àtọ̀gbẹ ń bọ́ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ń bọ́ àtọ̀gbẹ.

Ní 1993 ni Gökhan Hotamisligil, Bruce Spiegelman àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston fi irú nǹkan yìí hàn lára eku. Wọ́n rí i pé ọ̀rá ara àwọn eku tó sanra ń ṣe TNF jáde. Nígbà tí wọ́n dí TNF yẹn lọ́wọ́, insulin ṣiṣẹ́ dáadáa sí i lára àwọn eku náà.

Nígbà tí kọnkéré bá dé

Tí ariwo yìí bá pẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń jẹ́ stellate cell á rò pé ọgbẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpá dí i. Ẹ̀yin ará Lekki mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀. Òjò á rọ̀, omi ò ní ríbi wọlẹ̀, á wá bá yín ní pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀ tí àpá ti bò: ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ò ní ríbi kọjá dáadáa. Omi lè kún inú ikùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀nà ọ̀fun lè wú kó sì bẹ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà lè wọlé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń débẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ máa ń mú kí ìrìn náà yá, kì í sì í sábà dunni títí tí yóò fi pẹ́.

Kí la lè ṣe?

Ẹ ní kí dókítà bá yín ṣírò FIB-4. Ọjọ́ orí yín àti nǹkan mẹ́ta láti inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: AST, ALT àti platelet. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 65, tó bá kéré sí 1.3, ewu àpá tó le kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ALT tó dára nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ lè ní àpá kí ALT má ga. Ẹ ṣe àyẹ̀wò hepatitis B náà. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 bá a lára nǹkan bí 8 nínú 100 ènìyàn, ẹ̀dọ̀ kan ò sì yẹ kó gbé ẹrù méjì láìmọ̀.

Ẹ dín ìwọ̀n ara kù díẹ̀díẹ̀. Ní Cuba, wọ́n tẹ̀ lé àwọn 293 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ní ọ̀rá àti iná fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2015. Nínú àwọn tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, iná náà kú lára 90 nínú 100, àpá sì dín kù lára 45 nínú 100. Oúnjẹ àti ìrìn ni wọ́n lò, kì í ṣe oògùn.

Ẹ sọ́ra fún àgbo àti tíì "detox" tí wọ́n ń tà lórí Instagram pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ yẹn náà ni yóò ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun tí ẹ bá gbé mì, àwọn ewé kan sì lè bà á jẹ́. Abẹ́rẹ́ semaglutide ńkọ́? FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní August 2025 fún ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá tó ti ní iná àti àpá, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe inú DM. Ẹ má sì dá oògùn ṣúgà yín dúró.

Mọ́mì padà lọ. FIB-4 wọn kò tíì ga. Wọ́n ti fi málìtì sílẹ̀, wọ́n sì ń rìn yí ẹ́sítéètì ká ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn kan tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Lọ yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ wò jàre. Wọn ò ní í bi ẹ́ bóyá o mutí."

Tí ẹnì kan nílé yín bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Ó dìgbà.