Ojú Tó Dúró Jẹ́ẹ́ Ló Ń Ti Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Wọ Ihò

Ẹni tó bá wo ìparí ìdíje US Open ní Oakmont lọ́dún 2025 kò ní tíì gbàgbé bọ́ọ̀lù tí J.J. Spaun fi gba ife. Ẹsẹ̀ bàtà 64 ló wà láàárín òun àti ihò. Ká ní ẹ̀ẹ̀mejì ló tì í kó tó wọlé, ife ṣì jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló tì í. Ohun tí èèyàn sì máa ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé ojú ẹni náà mú.

Bóyá ó mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Viktor Hovland, ọmọ Norway, ti kọ́kọ́ ti tirẹ̀ láti ọ̀nà kan náà, Spaun sì dúró, ó ń wo bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń yà. Ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó. Ó di ìgbà tí nǹkan bá yí kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ojú mú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1999, Tiger Woods ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi àmì 15 na gbogbo èèyàn nínú US Open, làwọn kan bá ní iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n gbàgbé pé lọ́dún 1997, nígbà tó ṣì ń lẹ awò mọ́ ẹyinjú, ó ti fi àmì 12 gba ìdíje Masters. Àwọn afọ́jú pàápàá ń gbá gọ́ọ̀fù: ẹnì kan á bá wọn gbé igi sọ́nà, á sọ ibi tí ihò wà fún wọn, bọ́ọ̀lù á sì wọlé.

Ihò náà kò tóbi. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 108, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 43. Láti ẹsẹ̀ bàtà 8 péré, àwọn tó ń fi eré yìí jẹun ń tàsé tó ìdajì.

Kí wá ni ojú ń ṣe gan-an? Joan Vickers, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, ló gbé ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1992. Ó de ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú mọ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù lórí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kì í jẹ́ kí ojú wọn sáré kiri. Wọ́n á wo ibì kan létí ihò, wọ́n á padà sórí bọ́ọ̀lù, ojú á wá dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3. Igi á lọ sẹ́yìn, á padà wá, á gbá bọ́ọ̀lù, ojú ò ní kúrò. Kódà bí bọ́ọ̀lù bá ti lọ tán, wọ́n ṣì ń wo koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún àkókò tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ńkọ́? Wọ́n á wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á wo orí igi, wọ́n á tún jí ihò wò nígbà tí ọwọ́ ti ń lọ. Vickers pe dídúró ojú yìí ní quiet eye.

Ẹ na apá yín tán, kí ẹ wo èékánná àtàǹpàkò yín. Ibi tí ojú ti ń ríran kedere kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fìrífìrí la ń rí ìyókù. Ìdí nìyí tí ojú fi ń fò kiri ṣáá, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá sì ń fò lọ́wọ́, ọpọlọ kì í rí nǹkan gidi kan gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ojú bá wá fò ní àkókò tí ọwọ́ ń gbéra, àfojúbù ni ọwọ́ yóò fi ṣiṣẹ́. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ẹni tó ń ti bọ́ọ̀lù kì í sábà rí ihò nígbà tó ń tì í. Ihò ti di ohun tó fi sọ́kàn. Ojú tó dúró ń ra àkókò fún ọpọlọ láti fi ìrántí yẹn darí ọwọ́.

Ṣé èèyàn lè kọ́ ọ? Ní 2011, Sam Vine àti Mark Wilson ní Yunifásítì Exeter gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ògbóǹtarìgì 22. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní dídúró ojú dín títì wọn kù ní bíi méjì nínú ìpele kan. Èèyàn 22 kò pọ̀, lójú tèmi. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkàn tó balẹ̀ ló ń mú ojú dúró, kì í ṣe pé ojú ló ń mú ọkàn balẹ̀. Mo rò pé díẹ̀díẹ̀ ló wà nínú méjèèjì.

Ìwádìí tí Jessica Witt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2012 ni mi ò tíì fọwọ́ sí tán. Wọ́n fi iná ya àwọn òbìrí kéékèèké yí ihò ká, ihò bá dà bíi pé ó tóbi sí i, bí ẹni tí kò ga púpọ̀ ṣe ń dà bí òmìrán láàárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bọ́ọ̀lù sì ń wọlé sí i. Àwọn míì tún un ṣe lẹ́yìn náà, èsì wọn kò bára mu.

Ẹ̀wẹ̀, Jordan Spieth gba Masters àti US Open ní 2015, bẹ́ẹ̀ ihò ló ń wò nígbà tó bá ń ti àwọn bọ́ọ̀lù kan, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Èyí kò fi dandan ta ko Vickers, bó bá jẹ́ pé dídúró ojú ló ṣe kókó ju ibi tó dúró sí lọ. Àmọ́ àwọn bọ́ọ̀lù tó súnmọ́ ihò ló sábà máa ń ṣe é fún nígbà náà. Bó bá jìn, bọ́ọ̀lù lòun náà ń tẹjú mọ́.